Bàtà Ìyá Ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀olúwa ti rìn tó máìlì méjì láti Abà Ìdí-Ọsàn kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Ìrókò, inú ọ̀rá ló sì gbé bàtà sí ní gbogbo ọ̀nà. Ó fa omi, ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí eruku ti sọ di pupa, ó fi áńkáṣíìfù nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá yọ bàtà náà jáde, ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wọ nǹkan oníǹkan. Nǹkan oníǹkan náà sì ni, nítorí ìyá rẹ̀ ló ni ín.

Bàtà aláwọ dúdú ni, òun nìkan ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ní fún òde. Ìdí ti ẹsẹ̀ òsì ti ṣí nígbà kan rí, aránbàtà tó bá a tún un ṣe kò sì ní òwú dúdú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ló bá fi òwú pupa rán an yíká. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ fi bínú. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, pé bí bàtà náà bá bọ́ sáàárín igba bàtà, òun á dá tòun mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gba ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì wọlé láìbẹ̀rù láìfòyà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ Kérúbù àti Séráfù ni Ìmọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n lọ síbi ìjọsìn ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ilẹ̀ mímọ́ ni ilé Ọlọ́run, bàtà kì í wọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni báyìí. Bí a bá ka iye ọjọ́ Ìsinmi tó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á lé ní ẹgbẹ̀rin. Ohun tí ẹsẹ̀ bá ti ṣe nígbà ẹgbẹ̀rin, kò ní í dúró béèrè lọ́wọ́ orí mọ́.

Ìgbà tí òtútù ilẹ̀ onítáìsì gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló tó mọ ohun tó ṣe. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ó yí padà kíá pé kí òun lọ mú tòun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé sáàsì kọ́rùn, Fọlájìmí, ọ̀kan nínú àwọn ọ́ṣà tó ń fi èrò síjókòó, ti pa ilẹ̀kùn dé.

"Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́, arábìnrin," ni Fọlájìmí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá."

Ìmọ́lẹ̀ jókòó ti màmá arúgbó kan tó we gèlè aláwọ̀ ewé, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ àga. Àyà rẹ̀ ń já. Bí ó bá ṣe pé bàtà nìkan ni, ojú ì bá tì í díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ bàtà yìí lè tú àṣírí kan tó tóbi jù ú lọ.

Kí tilẹ̀ ni ọmọ Kérúbù ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi? Ìṣirò ni. Mọ́níyà ni Ìmọ́lẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, agbára wọn kò ká owó ilé mọ́, ìyá rẹ̀ sì kó o padà sí abà àwọn ènìyàn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí. Ìmọ́lẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìrókò. Nínú ìdánwò ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, máàkì méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, wáẹ́ẹ̀kì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló sì ń sọ fún un pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ń gbà wọlé bí kò bá yege nínú ìṣirò.

Ní ìlú náà, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Díákónì Oyèkúnlé. Tíṣà ìṣirò ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún ló máa ń kọ́ ọgbọ̀n ọmọ tó fẹ́ ṣe wáẹ́ẹ̀kì lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé òkúta gan-an bá jókòó níwájú Díákónì fún oṣù mẹ́ta, á mọ ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí wọ́n pín fọ́ọ̀mù kíláàsì náà ní ilé ẹ̀kọ́, Ìmọ́lẹ̀ fi ìdùnnú gba ọ̀kan. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó wá dé ibi tí wọ́n kọ "Ìjọ tàbí ẹ̀sìn" sí. Bó ṣe fẹ́ kọ Kérúbù ni Múyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, gbá a lọ́wọ́ mú.

"Bó o bá kọ ìyẹn síbẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ sí," ni Múyì sọ. "Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni kíláàsì. Ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Kọ Onítẹ̀bọmi."

"Onítẹ̀bọmi ibo? Wọn ò mọ̀ mí rí níbẹ̀."

"Kọ Mọ́níyà." Múyì ronú díẹ̀. "Rárá, pásítọ̀ wa máa ń lọ sí Mọ́níyà dáadáa. Kọ Egbeda. Ta ló ń ti Ìrókò lọ sí Egbeda?"

Ìmọ́lẹ̀ kọ Egbeda. Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọgbọ̀n ọmọ náà mọ́ ògiri, ipò kejìlá ni tirẹ̀ wà. Wọ́n ní kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kí ìjọ lè gbàdúrà fún wọn, kíláàsì yóò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ nípa kíláàsì, ó gbọ́ nípa àdúrà. Kò gbọ́ nípa Egbeda. Ó tilẹ̀ yọ bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó nù ún, ó ní, "Ilé Ọlọ́run náà ni. Má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ bí ẹni tí kò ní ìyá."

Ọ̀rọ̀ tó gbé e jókòó sórí àga yẹn nìyẹn, láìwọ bàtà.

Ìsìn ń lọ. Àlejò lójú, kò fi í ríran. Ìmọ́lẹ̀ kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń jókòó. Ní Kérúbù, àkókò yìí gan-an ni àtẹ́wọ́ máa ń dún tí òógùn á máa ṣàn. Níbí, dùùrù ló ń rọra dún, àwọn ènìyàn sì di ìwé orin mú bí ẹni gbé ẹyin. Ó wá ń ṣe ohun tí màmá onígèlè ewé bá ṣe. Ó bá a dìde, ó bá a jókòó, ó bá a ṣí ìwé. Nígbà tí pásítọ̀ parí àdúrà, gbogbo ìjọ ṣe "Àmín" lẹ́ẹ̀kan wẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dún dé òkè àjà. Orí bíi mẹ́wàá yí wo ẹ̀yìn. Láti àárín ẹgbẹ́ akọrin, Múyì fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Nígbà tó yá, pásítọ̀ ní kí àwọn tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn dìde, kí ìjọ lè kí wọn káàbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò mira. Màmá onígèlè ewé fi ìgúnpá tì í jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ni wọ́n ń bá wí, ọmọ mi. Dìde, kí wọ́n rí ẹ."

Ó dìde. Ó ki ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Orúkọ mi ni Ìmọ́lẹ̀olúwa. Mo wá láti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Egbeda."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní kó bá àwọn kí àwọn ará Egbeda. Bí Ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ́ jókòó ni bàbá kan tó wọ gíláàsì níwájú dìde, tó yíjú sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Díákónì Oyèkúnlé ni.

"Egbeda?" ni Díákónì wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe tíṣà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí jẹ díákónì. Lẹ́yìn ìsìn, wá bá mi, kó o wá sọ fún mi bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ìmọ́lẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá eyín. Ó jókòó. Ara rẹ̀ ti ń gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù. Irọ́ tó kọ sínú ìwé kò dùn ún tó èyí. Èyí tó fi ẹnu pa yìí, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi gbà á.

Ó wá kan ìkéde. Arákùnrin Hezekiah, akọ̀wé ìjọ, ka èyí tó ní kà. Ó ka ti ìpàdé àwọn ọkùnrin, ó ka ti ìgbéyàwó tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó parí, ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ní kí Fọlájìmí súnmọ́ iwájú. Fọlájìmí mú bàtà aláwọ dúdú kan lọ́wọ́, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i. Òwú pupa tó wà nídìí rẹ̀ hàn ketekete.

"A rí bàtà yìí lẹ́nu ọ̀nà," ni akọ̀wé sọ. "Wọ́n tò ó dáadáa, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ sùn. Ta ló ni ín?"

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mo tún ń béèrè o. Ta ló bọ́ bàtà sílẹ̀?"

"Bóyá olúwa rẹ̀ ti gòkè re ọ̀run," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, gbogbo ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó dáa," ni akọ̀wé wí. "Bí olówó rẹ̀ kò bá yọjú títí ìsìn á fi parí, a ó fi í sínú àpótí ẹ̀bùn. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń lọ sí ilé àwọn arúgbó lọ́la, wọn yóò rí ẹni tó máa bá mu."

Fọlájìmí gbé bàtà náà sórí tábìlì níwájú. Ìmọ́lẹ̀ ń wò ó. Ọkàn rẹ̀ dà rú pátápátá. Bí ó bá ní òun lòun ni ín, wọ́n á béèrè ìdí tó fi bọ́ ọ, kò sì sí Onítẹ̀bọmi tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ti Egbeda tàbí ti òkè òkun. Kíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, nọ́ọ̀sì náà bọ́. Bí kò bá sì sọ nǹkan kan, bàtà ìyá rẹ̀ lọ nìyẹn. Kí ni yóò wí fún un nílé? Irọ́ mìíràn ni yóò tún wá.

Kò tíì rí ojútùú rẹ̀ tí akọ̀wé tún fi gbé ìwé kejì.

"Àwọn ọmọ kíláàsì ìṣirò Díákónì, bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ yín, kí ẹ jáde síwájú, kí a gbàdúrà fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ jáde, bàtà rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí táìsì. Ìmọ́lẹ̀ rí i kedere pé òun yóò la àárín ìjọ kọjá láìwọ bàtà, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá olówó bàtà tì. Ọmọdé gan-an á so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yára nù ún.

Ìgbà náà ni nǹkan kan kàn án lẹ́sẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Màmá onígèlè ewé ti bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ àga. Ẹsẹ̀ màmá náà wú díẹ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà.

"Wọ̀ ọ́ jáde," ni màmá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì wà níwájú bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. "Mo ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ láti ìgbà tó o ti wọlé. Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè. Máa lọ."

Ìrànlọ́wọ́ dé láti ibi tí kò rò. Bàtà náà yóò ba ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó rí i. Bí ó bá wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Yóò jáde, wọn yóò gbàdúrà, yóò padà wá jókòó. Bó bá di lẹ́yìn ìsìn, yóò wá ọ̀nà yẹ Díákónì sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ti ki ọmọ ìka bọ̀ ọ́.

Ó wá wo ẹsẹ̀ màmá lórí ilẹ̀ tútù náà. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún, ó kéré tán, ni yóò wà láìwọ bàtà nítorí kí irọ́ òun lè rí bàtà wọ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn gan-an nìyẹn, ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò, ó rọra ti bàtà náà padà.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ó wí. "Tèmi wà níwájú."

"Ìmọ́lẹ̀olúwa, láti Egbeda," ni akọ̀wé pè.

Ó jáde. Bàtà kò dún, nítorí kò sí bàtà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kọ́kọ́ rí i, wọ́n fọwọ́ kan ara wọn, kíkùn náà sì ń bá a lọ síwájú. Kò lọ síbi tí àwọn ọmọ yòókù tò sí. Ọ̀dọ̀ tábìlì ló lọ tààrà, ó kúnlẹ̀ kí akọ̀wé àti pásítọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo ni bàtà."

Ẹ̀rín tún sọ. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. "O ò ṣe sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti ń béèrè? Ṣé bí wọ́n ti ń ṣe ní Egbeda nìyẹn, tí wọ́n ń bọ́ bàtà síta?"

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ló fi ń lọlẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gbé orí sókè.

"Mi ò wá láti Egbeda, sà. Mi ò tíì dé Egbeda rí. Abà Ìdí-Ọsàn ni mò ń gbé. Kérúbù ni ìyá mi, Kérúbù ni èmi náà, a kì í wọ bàtà wọlé ìjọsìn. Ẹsẹ̀ mi ló bọ́ ọ, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo kọ Egbeda sínú fọ́ọ̀mù kí ẹ lè mú mi. Ẹ máa bínú."

Ẹ̀rín tán. Ìmọ́lẹ̀ kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, àmọ́ ohun kan yà á lẹ́nu: àyà rẹ̀ tó ti ń já láti òwúrọ̀ ti dẹ́kun. Bí ẹni tó sọ ẹrù gbágùúdá kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn oko ló rí lára rẹ̀.

Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó mú bàtà náà lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Wọ bàtà rẹ," ni ó wí. "Kó o lọ tò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Àdúrà tí a fẹ́ gbà kò yọ Kérúbù sílẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, "Àmín" kan ṣoṣo ló ṣe, ṣùgbọ́n ó ti inú wá.

Àmọ́ àdúrà kì í pa ẹjọ́ rẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, Díákónì Oyèkúnlé dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò, ìwé fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ kan nínú ìwé, èkejì lójú ìjọ," ni Díákónì wí. "Ta ló sọ fún ẹ pé a kì í gba Kérúbù?"

Múyì ti súnmọ́ wọn, aṣọ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìmọ́lẹ̀ yára dáhùn.

"Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, sà."

Díákónì wo Múyì, ó wo Ìmọ́lẹ̀, ó sì mi orí. Ó ṣí ìwé náà.

"Ọmọ mélòó ló jáde lónìí? O ò kà á. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Méjì tó kù, Kifayah àti Ammar, Mùsùlùmí ni wọ́n, mo sọ fún àwọn òbí wọn pé kò pọn dandan kí wọ́n wá. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí n kò fi fi kíláàsì sọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí mo fi ń béèrè ìjọ kò ju ìyẹn lọ, kí n má baà gbé kíláàsì lé ọjọ́ ìjọsìn ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ wo ni Kérúbù tiyín ń jọ́sìn láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Ọjọ́rú ni, sà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Ọjọ́rú, aago mẹ́rin, ni mo sì fi kíláàsì sí, nítorí kò sí Kérúbù kankan nínú ìwé mi. Kí lo fẹ́ máa sọ fún ìyá rẹ ní gbogbo Ọjọ́rú?"

Ìmọ́lẹ̀ kò tíì rò ó débẹ̀ rárá. Ó wá rí irọ́ tó kù níwájú bó ṣe tò lọ, Ọjọ́rú kan lẹ́yìn èkejì, títí di ọjọ́ wáẹ́ẹ̀kì.

"Àyè rẹ nínú ọgbọ̀n ti bọ́," ni Díákónì wí. "Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Ṣeunfúnmi, ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ló wà. Òun ni yóò jókòó síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Omi tún lé sójú Ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

"Gbọ́ mi tán. Bẹ́ǹṣì mi gba ọgbọ̀n ọmọ péré, òun ni mo fi ń mú ọgbọ̀n. Bẹ́ǹṣì ló tán, ohùn mi kò tán. Bó o bá lè gbé àpótí ìjókòó tìrẹ wá láti abà, kó o máa gbé e wá, kó o sì máa gbé e lọ, máa bọ̀. Màá sún kíláàsì sí Ọjọ́bọ̀. Kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Fi ẹnu ara rẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, kí òun náà fọwọ́ sí i."

Ìmọ́lẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín, ló bá ṣe méjèèjì pọ̀. Màmá onígèlè ewé, Màmá Gbọ́njúbọ́lá ni wọ́n ń pè é, ń fi ọ̀pá rìn kọjá lọ. Ó dúró díẹ̀.

"Bàtà mi kì bá ti bá ẹsẹ̀ rẹ mu tó tìrẹ," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nílé, Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ti ti Kérúbù dé. Kò tíì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìkankan pamọ́. Ìyá rẹ̀ kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ni Kérúbù fi ṣe ẹ́?" ni ìyá wá béèrè. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, àwọn wo ló gbé wa wá síbí? Ọkọ̀ ta ni? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, ó máa gbẹ ni, Ìmọ́lẹ̀."

"Mo mọ̀, Màámi. Ojú ló ń tì mí, mo rò pé wọn ò ní í fẹ́ wa."

"Wọ́n wá fẹ́ wa àbí wọn ò fẹ́ wa?"

"Wọ́n fẹ́ wa. Irọ́ mi ni wọn ò fẹ́."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó ní kí ó mú bíírò wá, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ inú ahéré gàrí, ó gbé àpótí pákó tó ń jókòó sí lójoojúmọ́ nídìí iná jáde. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ló kàn án nígbà ayé rẹ̀. Ìyá bu omi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́.

"Kí ni ẹ̀yin á wá máa jókòó lé bí ẹ bá ń yan gàrí lọ́jọ́ náà?" ni Ìmọ́lẹ̀ béèrè.

"Ọjọ́bọ̀ nìkan kọ́? Màá dúró yan án."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ará Ìrókò rí ọmọbìnrin kan tó ru àpótí kọjá lójú pópó bí ẹni tó ń kó lọ sílé tuntun. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé kíláàsì ìṣirò lòun ń lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ammar àti Kifayah sì wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí Díákónì ń pe orúkọ, tó dé orí tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé, ó kà á sókè: "Ìmọ́lẹ̀olúwa, Kérúbù àti Séráfù, Abà Ìdí-Ọsàn."

"Mo wà níbí, sà," ni Ìmọ́lẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì já gaara.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí Díákónì fún wọn, máàkì mẹ́tàlélógójì ló gbà. Díákónì ní kò tíì tó. Òun náà mọ̀ pé kò tíì tó, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, kò jí i wò lára ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ sẹ́ ilé yín kí wọ́n lè gbà yín níbòmíràn, ẹ rántí àpótí Ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ wọlé, irọ́ yẹn ni wọ́n fún ní àga. Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níta lẹ́nu ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ǹṣì jókòó, àpótí ló ń rù lọ tó ń rù bọ̀, àmọ́ òun gan-an ló wà nínú ilé.